Ọkọ́ àti Ìwé Owó: Ẹ̀kọ́ Iṣẹ́ Àgbẹ̀ fún Ọmọ Akofodjoulè

Kò sí ọmọ Akofodjoulè tó ń dé ilé ẹ̀kọ́ girama láìtíì mọ ọkọ́ mú. Kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó ti ru èèbù tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko, ó ti ṣa kájú nídìí igi nínú oṣù Ẹrẹ́nà, ó sì ti fi kànnàkànnà lé ẹyẹ lórí ìrẹsì. Akofodjoulè jẹ́ ọ̀kan nínú àgbègbè mẹ́wàá tó para pọ̀ di ìjọba ìbílẹ̀ Dassa-Zoumè, ìyẹn Ìdààṣà, ìlú olókè 41, ní ẹkùn Collines láàárín gbùngbùn ilẹ̀ Benin. Iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, ẹ̀pà, sóyà, òwú àti kájú ló ń bọ́ àwọn ará ibẹ̀. Bí olùkọ́ bá wá dúró níwájú pátákó tó ń ṣàlàyé fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé inú ebè ni à ń gbin iṣu sí, ọmọ náà á máa wò ó bí ẹni tó ń wo àlejò tó ṣìnà.

Kí wá ni ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ fi kún un? Púpọ̀ nínú àwọn tó ń gbé ètò ẹ̀kọ́ kalẹ̀ máa ń dáhùn pé ìmọ̀ ìgbàlódé ni: ajílẹ̀ olóyìnbó, irúgbìn tuntun, oògùn kòkòrò, katakata. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ohun tó ń sọ oko di iṣẹ́ tí ọ̀dọ́ lè fi gbé ilé ayé rẹ̀ ró ni ìwé owó: kí ọmọ ní abala ilẹ̀ tirẹ̀, kí ó mọ iye tó ná lé e lórí títí dé orí ọjọ́ iṣẹ́ ara rẹ̀, kí èrè tàbí àdánù ibẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ibi tí wọ́n ti fi ọkọ́ lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ tí wọ́n sì gbé ìwé owó pamọ́ fún un, ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ kò bí ẹnì kankan tó fẹ́ràn àgbẹ̀. Ìtàn agbègbè wa kún fún àpẹẹrẹ rẹ̀, a ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tó wà nílẹ̀. Ní Nàìjíríà, ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń kọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama, àjọ ìdánwò WAEC sì ní ìdánwò ìṣe fún un, níbi tí wọ́n ti ń gbé erùpẹ̀, irúgbìn, kòkòrò àti irinṣẹ́ síwájú akẹ́kọ̀ọ́ pé kó dá wọn mọ̀. Ti Benin yàtọ̀. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì gbogbogbòò, SVT ni wọ́n ń kọ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí àti ilẹ̀. Ọmọ á mọ bí ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ní rí ẹ̀kọ́ kankan lórí tábìlì àkókò rẹ̀ tó ń jẹ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ bí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ka ọdún mẹ́rin kọ́lẹ́ẹ̀jì, kó gba ìwé ẹ̀rí BEPC, kó sì yege nínú ìdánwò àbáwọlé sí lycée àgbẹ̀. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ni Lycée Agricole Médji tó wà ní Sékou, lẹ́bàá Allada. Ti Ina náà wà lókè lọ́hùn-ún, ní ọ̀nà N'Dali. Ìwé ẹ̀rí tí àwọn ará ilé mọ̀ mọ́ wọn lára ni DEAT, tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń yan ẹ̀ka: ohun ọ̀gbìn, ẹran ọ̀sìn, igbó àti igi, ṣíṣe oúnjẹ látinú ìkórè, tàbí ètò omi àti irinṣẹ́ oko. Lẹ́yìn rẹ̀, yunifásítì ṣí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́: Abomey-Calavi, Parakou, àti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kétu, ìlú Alákétu, lọ́dún 2013. Ìjọba tún ti fi kíkọ́ lycée iṣẹ́ àgbẹ̀ 30 sínú ètò rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́, kí ọmọ má baà rin ìrìn àjò kọjá ẹkùn mẹ́ta kó tó rí ibi kọ́ iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìnkùlé.

Ọ̀nà nìyẹn. Inú rẹ̀ ló kù ká wò, iṣu ni mo sì fẹ́ fi wò ó, nítorí ilẹ̀ iṣu ni Collines. Àwọn ará Savalou tó múlé tì wá ń fi ọjọ́ 15 oṣù Ògún ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún, kò sì sí ẹni tó lè ná ọjà Glazoué tí kò ní rí òkìtì iṣu bí òkè kékeré.

Ẹ̀yà méjì ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń sọ jù. Laboko ni ti iyán. Ìgbà méjì ni wọ́n ń wà á. Tí ó bá di oṣù Agẹmọ tàbí Ògún, àgbẹ̀ á fara balẹ̀ tú ẹ̀gbẹ́ ebè, á gé iṣu ńlá kúrò lábẹ́ orí rẹ̀ láìfa gbòǹgbò tu, á sì kó erùpẹ̀ padà bò ó. Ìtàkùn náà á tún ta, ohun tó bá ta lẹ́ẹ̀kejì ni èèbù ọdún tó ń bọ̀. Kokoro ní tirẹ̀ kì í ṣe iṣu iyán. Wọ́n ń bó o, wọ́n ń bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń sá a fún ẹ̀lùbọ́. Gbogbo èyí ni ọmọ Akofodjoulè mọ̀ kó tó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sì yẹ kí olùkọ́ kankan dé kó máa ṣe bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rí i.

Ibi tí iṣu ti ń dun àgbẹ̀ ni èèbù. Ohun tí a ń yà sọ́tọ̀ láti gbìn lè súnmọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ìkórè, ìyẹn ni pé nínú iṣu mẹ́ta, àgbẹ̀ ń sin ọ̀kan padà sínú ilẹ̀. Láàárín ọdún 1970 sí 1980 ni àwọn onímọ̀ ilé ìwádìí Umudike àti ti IITA ní Ìbàdàn ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà kan tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ ti ń kọ́ni báyìí káàkiri ilẹ̀ iṣu. Dípò kí wọ́n gé iṣu sí mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á gé e sí wẹ́wẹ́, gíráàmù 25 péré ní ẹyọ, ṣùgbọ́n ẹyọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní èèpo lára, torí ibi èèpo ni ojú iṣu ti ń yọ. Wọ́n á yí wọn nínú eérú tàbí oògùn kí wọ́n má baà jẹrà, wọ́n á sá ojú ọgbẹ́ wọn lábẹ́ ibòòji, wọ́n á sì tẹ́ wọn sínú lẹ́búlẹ́bú pákó tó tutù díẹ̀ títí wọn á fi hù. Èyí tó bá hù ni wọ́n á kó lọ sí orí poro, kí àlàfo tó wà láàárín ẹyọ méjì jẹ́ ìdá mẹ́rin mítà kan. Ohun tí wọ́n á wà níbẹ̀ nígbà ìkórè kì í tóbi. Èèbù odindi ni, tí kò ní ọgbẹ́, tó ṣeé tà.

Ẹ wá wo ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti pín sí méjì. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ á gé iṣu, á gbìn ín, á kọ ìdáhùn sínú ìwé ìdánwò, á gba máàkì, ó parí. Ní ilé ẹ̀kọ́ kejì, olùkọ́ á ní kó la ìlà sínú ìwé àjákọ rẹ̀. Ká sọ pé ó ra iṣu mẹ́wàá ní 500 sẹ́fà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 5,000. Ó san 3,000 fún ẹni tó bá a kọ poro, ó ná 1,000 lórí lẹ́búlẹ́bú pákó, ọkọ̀ àti àpò. Àròpọ̀ jẹ́ 9,000. Ó gé ẹyọ 300, ẹyọ 200 ló hù tó sì di èèbù. A jẹ́ pé 45 sẹ́fà ni èèbù kọ̀ọ̀kan ná an. Tí ó bá tà á ní 75, èrè rẹ̀ jẹ́ 6,000. Tí ọjà bá já sí 40, ó ti jẹ gbèsè, bó ti wù kí èèbù rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ìlà kan ṣì kù, òun ni bàbá rẹ̀ kì í là: ọjọ́ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra rẹ̀. Tí ó bá lo ọjọ́ 12 lórí ilẹ̀ yẹn, 6,000 tó pè ní èrè já sí 500 sẹ́fà lójúmọ́. Ó tó bẹ́ẹ̀ kẹ̀? Ó ju owó alágbàro lọ ni, àbí ó kéré sí i? Ọmọ ọdún 16 tó bá bi ara rẹ̀ léèrè báyìí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ ló ń ṣe mọ́. Ó lè rí i pé òwò èèbù kò san lórí ilẹ̀ bàbá òun, kó yí sí adìyẹ. Bóyá ìṣòro náà wà níbi tí ẹyọ 100 ti jẹrà, kó wádìí ohun tó pa wọ́n. Bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, àròyé nìkan ló máa kù sí i lọ́wọ́, pé iṣẹ́ àgbẹ̀ kò lérè.

Kájú tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Láti oṣù Èrèlé sí Èbìbí, àwọn alágbàtà máa ń wọ abúlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n àti àpò. Owó tí wọ́n ń dá lé kájú kì í ṣe ti ìwọ̀n nìkan. Ohun tó wà nínú kóró ni ilé iṣẹ́ ń rà. Àwọn oníṣòwò ní ìwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní KOR, ìyẹn iye pọ́n-ùn hóró funfun tó máa jáde nínú àpò kóró oníkílò 80. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ṣòro rárá, ọ̀bẹ àti òṣùwọ̀n kékeré tó ń ka gíráàmù ni èèyàn nílò. Wọ́n á bu kílò kan látinú àpò mélòó kan pọ̀, wọ́n á ka iye kóró tó wà nínú rẹ̀, wọ́n á là wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì pín hóró inú wọn: èyí tó dára pátápátá, èyí tó ní àbùkù díẹ̀, èyí tó ti bàjẹ́. Wọ́n á wọn èyí tó dára, wọ́n á fi ìlàjì ìwọ̀n èyí tó ní àbùkù díẹ̀ kún un, wọ́n á da ìyókù nù. Ká sọ pé èyí tó dára jẹ́ gíráàmù 270, alábùkù jẹ́ 12, ìlàjì rẹ̀ 6: gíráàmù 276 nìyẹn. Fi 80 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 22,080. Gíráàmù 453.6 ló wà nínú pọ́n-ùn kan, nítorí náà pín in, ó di nǹkan bí 48.7. Kájú tó dára ni. Tí wọ́n bá ṣa kóró náà ní tútù tí wọ́n sì rọ ọ́ sínú àpò láìsá a, tí gíráàmù 240 péré wá jáde, ìṣirò kan náà á fún wọn ní nǹkan bí 42.3.

Ẹ fojú inú wo ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jókòó ti bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ tí alágbàtà dé. Alágbàtà ti ní kájú ọdún yìí kò dára. Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká là á wò ná kí ẹ tó dá wọn lóhùn." Kò rí alágbàtà fín, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Kílò kan ló là, ó fi nọ́ńbà hàn wọ́n. Kò dájú pé owó á gbéra lójú ẹsẹ̀, nítorí ọjà ní ọ̀nà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún yẹn lọ, bàbá á mọ ìdí tó fi yẹ kí wọ́n sá kájú kí wọ́n tó dì í. Ọ̀rọ̀ náà tún le sí i láti ọjọ́ 1 oṣù Igbe, 2024, tí Benin fòfin de kíkó kóró kájú tí wọn kò tíì là jáde lọ sí òkè òkun, kí àwọn ilé iṣẹ́ inú ilẹ̀, bí àwọn ti Glo-Djigbé, lè rí i rà. Ilé iṣẹ́ nílò ẹni tó lè là, tó lè wọ̀n, tó lè ṣe ìdíyelé. Iṣẹ́ oṣù nìyẹn fún ẹni tó kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama.

Bí ẹ bá sọ gbogbo èyí fún àwọn àgbàlagbà kan ní Ìdààṣà, ẹ lè rí i kí wọ́n fajú ro, kò sì yà mí lẹ́nu. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ní ọjọ́ 23 oṣù Òkúdù, 1975, ìjọba Kérékou gbé òfin jáde lórí ohun tí wọ́n pè ní École Nouvelle, ilé ẹ̀kọ́ tuntun. Ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní oko àti ẹgbẹ́ àjùmọ̀ṣe, kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ìwé. Èrò náà kò burú lórí ìwé, torí ilé ẹ̀kọ́ tí Faransé fi sílẹ̀ ń kọ́ ọmọ láti sá fún oko ni. Ṣùgbọ́n ìkórè kì í ṣe ti ọmọ tó ro ó. Ẹgbẹ́ ló ni owó, àgbà ló ń ṣírò rẹ̀, ohun tí ọmọ rí kò ju òógùn lọ. Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé ṣé oko kò sí nílé ni tí àwọn fi rán ọmọ lọ sí ilé ìwé. Nígbà tí ìpàdé ńlá lórí ètò ẹ̀kọ́ wáyé ní oṣù Ọ̀wàrà, 1990, ìlànà náà ti kú lọ́kàn àwọn èèyàn.

Ṣáájú ìyẹn pàápàá, nǹkan kan ti ṣẹlẹ̀ ní Togo tó yẹ kí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ wa máa rántí. Ní 1900, àwọn ará Jámánì tó ń ṣàkóso Togo ké sí Booker T. Washington, ó sì rán James Calloway, olùkọ́ ní Tuskegee ní Alabama, àti àwọn mẹ́ta tó kàwé jáde níbẹ̀ lọ sí Tové láti kọ́ àwọn èèyàn bí a ṣe ń gbin òwú fún ilé iṣẹ́ aṣọ òkè òkun. Ọ̀kan nínú wọn, John Robinson, ló ṣe olórí ilé ẹ̀kọ́ òwú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Notsé ní 1904. Omi ló gbé e lọ ní 1909. Àwọn aláṣẹ ló ń yan ọ̀dọ́ ránṣẹ́ síbẹ̀ láti agbègbè kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ́ ìtúlẹ̀ fún wọn, wọ́n kọ́ yíyan irúgbìn, ẹ̀kọ́ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa gbìn, ẹni tí wọ́n máa tà á fún àti iye tí wọ́n máa tà á, wọ́n ti pinnu rẹ̀ ní Berlin kí ọ̀dọ́ kankan tó gbé ọkọ́. Ó dùn mí pé àwọn ọmọ ẹrú tí wọ́n ti jìyà oko òwú ní Amẹ́ríkà ni wọ́n fi ṣe é.

Ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, ètò oko àgbékalẹ̀ tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1959, nígbà tí Akin Deko jẹ́ mínísítà iṣẹ́ ọ̀gbìn, sàn ju èyí lọ fíìfíì. Wọ́n ṣe é ní àwòkọ àwọn abúlé oko Ísírẹ́lì: wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ilé ìwé, wọ́n fún wọn ní ilẹ̀, ilé àti owó yíyá ní ibi bí Ilora àti Akufo. Owó tó ń lọ sórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ sì kó ẹrù wọn kúrò. N kò ní dúró pẹ́ lórí rẹ̀.

Ohun tí n kò lè fò ni ìwà kan tó ṣì wà títí dòní, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè. Ọmọ pẹ́ dé ilé ìwé: kó lọ ro oko. Ọmọ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì: kó lọ gé koríko. Olùkọ́ kan náà á tún padà wọ kíláàsì ní aago mẹ́wàá láti ṣàlàyé pé iṣẹ́ àgbẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ iyì. Ta ni yóò gbà á gbọ́? Bí ó bá ṣe pé èmi ni mo ní àṣẹ, kí n tó ra katakata kan fún ilé ẹ̀kọ́ èyíkéyìí ni n óò ti fòfin de fífi ọkọ́ jẹ ọmọ níyà.

Ìdí kejì tí àwọn òbí fi ń ṣiyèméjì ni iṣẹ́ ìjọba. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí àgbẹ̀ ní Benin mọ ibi tó ń lọ: CARDER, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rán òṣìṣẹ́ lọ bá àgbẹ̀ ní abúlé. Alùpùpù, owó oṣù, fìlà. Lápá ìparí àwọn ọdún 1980, àpò ìjọba gbẹ, wọ́n dáwọ́ gbígba òṣìṣẹ́ dúró, wọ́n sì dín àwọn tó wà nílẹ̀ kù. Wọ́n padà tú CARDER ká pátápátá, àwọn iléeṣẹ́ àgbẹ̀ agbègbè tí wọ́n ń pè ní ATDA ló rọ́pò rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n kọ́ láti máa gba àgbẹ̀ nímọ̀ràn rí i pé òun fúnra òun ni òun máa dáko, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí ó ṣe máa fi ṣòwò.

Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìyẹn ni àlùfáà Nzamujo, ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ìjọ Dòmíníkì, bẹ̀rẹ̀ Songhai ní Ouando ní Porto-Novo, lọ́dún 1985, lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan péré. Ohun tó jẹ́ kí ibẹ̀ wù mí ni pé kò sí ohun tó ń ṣòfò láìwọ ìwé. Ìgbẹ́ adìyẹ àti ìdọ̀tí ni wọ́n fi ń sin ìdin, ìdin di oúnjẹ ẹja, omi adágún ẹja ń lọ sí ìdí ewébẹ̀, ìgbẹ́ ẹran sì ń di gáàsì ìdáná. Akẹ́kọ̀ọ́ ń rí i pé ohun tí ẹ̀ka kan kà sí ìdọ̀tí ni ẹ̀ka kejì ì bá fi owó rà. Songhai ní oko ẹ̀kọ́ ní Parakou, ní Kinwédji àti ní Savalou. Ti Savalou kò jìnnà sí Ìdààṣà rárá. Ọmọ Akofodjoulè tó bá ní alùpùpù á lọ á bọ̀ lójúmọ́.

Bí ẹ bá bi mí ní àwòṣe tó bá ilé ẹ̀kọ́ girama wa mu jù, n óò tọ́ka sí ohun tí Rufus Stimson ṣe ní Northampton, ní Massachusetts, láti 1908. Ilé ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ tó jẹ́ olórí rẹ̀ kò gbìyànjú láti kó gbogbo ọmọ sórí oko ńlá kan ṣoṣo. Ó ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan padà sílé, kó bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀, kó gba abala kan nínú oko ilé tàbí màlúù kan, kó máa tọ́jú rẹ̀ lórúkọ ara rẹ̀, kó sì máa kọ ìnáwó àti èrè sílẹ̀. Olùkọ́ ló máa gun kẹ̀kẹ́ lọ bẹ̀ ẹ́ wò nílé. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe òfin Smith-Hughes ní 1917, wọ́n kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣe irú iṣẹ́ ìdarí bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lọ́dọọdún. FFA, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1928, ṣì ń gbé e lárugẹ dòní. Fún ilé ẹ̀kọ́ tí kò ní owó ra ilẹ̀, ohun ìrọ̀rùn ni. Oko wà ní gbogbo ilé ní Akofodjoulè. Àdéhùn pẹ̀lú bàbá ló kù, àti olùkọ́ tó múra tán láti dé oko. Olùkọ́ náà á sì jàǹfààní: èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ni ní kíláàsì, ṣùgbọ́n lóko bàbá, ọmọ gbọ́dọ̀ fi èdè Ìdààṣà ṣàlàyé ohun tó kọ́, ẹni tí kò bá yé dáadáa kò ní rí ibi sá sí.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni kàlẹ́ńdà. Ilé ìwé ń wọlé nínú oṣù Ọwẹ́wẹ̀, ó ń parí láàárín Òkúdù sí Agẹmọ, òjò Collines kò sì bá mínísítà ẹ̀kọ́ ṣèpàdé. Ebè iṣu ni wọ́n ń kọ nígbà tí òjò bá ń lọ, wọ́n sì ń gbin iṣu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n fi koríko gbígbẹ dé e lórí: àárín sáà kìíní àti ìkejì nìyẹn. Kájú ń já nígbà ìdánwò. Ohun tó bọ́ sí ìsinmi gígùn ni wíwa laboko, gbígbin sóyà àti ríro rẹ̀. Ọmọ tó ń ti ilé lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì lè fi ọjọ́ Sátidé tọ́jú ebè. Èyí tó wà ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ ní Sékou kò lè ṣe é. Sóyà ni n bá kọ́kọ́ yàn fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀: ó ń gbìn ín kí ó tó padà, ìkórè rẹ̀ bọ́ sí Ọ̀wàrà sí Bélú, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lè bá a ká a fún ìpín tí wọ́n ti jọ kọ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ló le jù nínú gbogbo rẹ̀. Òfin ìdílé Benin ti 2004 àti òfin ilẹ̀ ti 2013 kò yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ nínú ogún ilẹ̀, ṣùgbọ́n a mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ ní àgbàlá wa. Wọ́n á ní ilé ọkọ ló ń lọ. Bí bàbá kò bá fún un ní ilẹ̀ iṣu, iṣẹ́ àgbẹ̀ tí kò gba ilẹ̀ púpọ̀ wà, ó sì lérè: sísè ìrẹsì kí wọ́n tó kó o lọ sí ẹ̀rọ, adìyẹ, àti ọgbà ọmọ igi. Ẹ wo ọgbà ọmọ kájú. Wọ́n ń gbin kóró sínú ọ̀rá dúdú oníerùpẹ̀ nínú oṣù Ẹrẹ́nà tàbí Igbe, ẹ̀yìn ilé lásán tó fún un, bí omi bá ti wà nítòsí. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, wọ́n á gé orí ọmọ igi náà, wọ́n á là á, wọ́n á fi ṣóńṣó ẹ̀ka tí wọ́n mú lára ìyá igi tó ń so dáadáa bọ̀ ọ́, wọ́n á sì fi ọ̀rá dì í títí á fi mọ́ra. Ọwọ́ tó mọ irun dì kò ní pẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe. Ó ń ṣeé gbìn nínú oṣù Agẹmọ, nígbà tí ilé ìwé ti padé tí àwọn àgbẹ̀ sì ń wá ohun tí wọ́n máa fi rọ́pò igi àtijọ́ tí wọ́n gbìn fún ara wọn jù. Hẹ́kítà kan ń gba 100 igi bí àlàfo bá jẹ́ mítà mẹ́wàá sí mẹ́wàá. Ọmọbìnrin tó bá ní ọmọ igi 300 tó mọ́ra lẹ́yìn ilé ìyá rẹ̀ ti ní ohun tó tó hẹ́kítà mẹ́ta láti tà fún àwọn tó ní ilẹ̀, bàbá rẹ̀ pẹ̀lú wọn, ní iye tí òun ti ṣírò pé kò ní gba òun ní àdánù.